Ẹyẹ Mẹ́sàn-án, Ṣíbí Mẹ́rin

Aago mẹ́jọ ti lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Níhìn-ín, lóṣù kìíní ọdún,
oòrùn a máa ṣe bí àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
kò ṣí fìlà, kò gba omi,
ó ti dìde, ó ní òun ń lọ.

Mo gbé kọfí mi dé ojú fèrèsé ilé ìdáná.
Mo fi èékánná ha yìnyín kúrò lára gíláàsì,
ihò kékeré, ó tó ojú kan.
Sverre àbúrò mi ti jáde.
Mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀,
ó ń la ọ̀nà dé ilé àgùntàn,
òjò dídì mù ún dé orúnkún.
Ó wá ku ọ̀nà kan tí kì í gbàgbé,
ọ̀nà tóóró tó lọ sídìí òpó
níbi tó so ìdì ọkà óòtì mọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì,
bí bàbá wa ti ń ṣe, bí àwọn ará Nọ́wè àtijọ́ ti ń ṣe,
kí ohun abìyẹ́ má baà fi ebi ṣọdún.
Bí o bá bi í, á ní,
"N kò là á fún ẹyẹ kankan. Ọwọ́ ló ń yún mi."

Ojú ọ̀run di àwọ̀ eérú. Wọ́n dé.
Ológoṣẹ́ ló ṣáájú, ìyẹn kò nítìjú,
wọ́n ya bo ọkà bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo oúnjẹ.
Àwọn tí àyà wọn dà bí pupa ẹyin tẹ̀lé e,
ìlà dúdú láàrin rẹ̀ bíi táì olùkọ́.
Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láì fara kanra.
Bóyá. Ìdì ọkà kan kò tó wọn,
ìyẹ́ ń gbá ìyẹ́.
Kannakánná tó wọ ẹ̀wù eérú jókòó sórí òrùlé,
ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan.
Tọkọtaya aláyà-pupa ló dé kẹ́yìn,
wọn kò sáré, wọn kò jà,
wọ́n ń jẹun bí ẹni tó ti sanwó.

Mo kọ ọ́: ológoṣẹ́ mọ́kànlá. Olótáì mẹ́rin. Aláyà-pupa méjì.
Kannakánná, n kò kà á mọ́ wọn.
Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń kọ ọ́,
láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀.
Sverre a ní, "Ta ni yóò ka ìwé yẹn? Ológbò?"

Lánàá, mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn.
Mo ń wá ọjọ́ tí aláyà-pupa kọ́kọ́ dé.
Mo bá ojú ewé kan tí n kò kọ,
oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ tí òtútù àyà gbé mi dè,
tí n kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán.
Pẹ́ńsùlù káfíńtà ni,
lẹ́tà gbàǹgbà, ó wọ́ bí ọgbà tí àgùntàn fara nù:

"Ajé. Ológoṣẹ́ mẹ́fà. Kékeré mẹ́ta, n kò mọ orúkọ wọn.
Oddny kò jẹun.
Ìṣẹ́gun. Ìjì. Kò sí ẹyẹ.
Oddny mu omi.
Ọjọ́rú. Àkókó kan. Kannakánná kan, mo lé e.
Oddny bú mi pé mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ó dára.
Ọjọ́bọ̀. Ẹyẹ mẹ́sàn-án.
Oddny jẹ ọbẹ̀, ṣíbí mẹ́rin."

N kò sọ fún un pé mo rí i.
Ohun tí ènìyàn bò mọ́ inú òjò dídì,
a kì í fi ṣọ́bìrì hú u.

Ó wọlé báyìí, yìnyín so mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó tẹ orí ba, ó fi ojú kan sí ihò mi.
"Mélòó?"
"Mẹ́tàdínlógún."
Ó dákẹ́ títí kọfí mi fi tutù.
"Méjìdínlógún. Ọ̀kan wà lẹ́yìn òpó."
Mo pa tèmi rẹ́, mo kọ tirẹ̀.
Oòrùn ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.